Bonaire fún ẹni tó ń dá rìn: àkọsílẹ̀ ètò ìmòòkùn kan

Ẹni tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni ọdún 34, tó ń gbé ní Peckham ní London, tó sì ń lo ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, àmọ́ inú omi tí wọ́n fi táìlì yí ká ló ti mọ̀ ọ́n. Kò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn rí. Ó fẹ́ lọ mòòkùn ní Caribbean, òun nìkan ṣoṣo, torí pé nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, èyí tí kò bá sọ pé òun ò lówó á sọ pé omi iyọ̀ á ba irun òun jẹ́.

Ètò tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí a tó bá a tún un tò, ni pé òun á lo ọjọ́ méje ní Belize, lóṣù Kẹsàn-án, torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n nígbà náà. Á kọ́ ìmòòkùn látìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, á wọ Blue Hole, ihò ńlá kan nínú òkun Belize, lọ́jọ́ karùn-ún, á mòòkùn láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, á sì wọ bàálù ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà. Òtẹ́ẹ̀lì ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà mì.

Blue Hole ni ètò yìí ti kọ́kọ́ wó. Ohun tí àwọn òmòòkùn ń torí ẹ̀ lọ síbẹ̀, ìyẹn àwọn òkúta gígùn tó rọ̀ wálẹ̀ lára àpáta, nǹkan bíi mítà 40 nísàlẹ̀ ló wà. Ìwé ẹ̀rí Open Water tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń gbà kò fún un láyè kọjá mítà 18. Ní mítà 40, ìlọ́po márùn-ún ni afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ń yára tán ju bó ṣe rí lójú omi lọ, náítírójìn á sì ti máa pa èèyàn bí ọtí. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí láná, kí ni yóò rí níbẹ̀ ju gééjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, tó ń já wálẹ̀, lọ? Àwọn awakọ̀ ojú omi kan á gbé e lọ bó bá sanwó, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó bójú mu.

Oṣù Kẹsàn-án ńkọ́? Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle ní apá ibẹ̀, oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá ni ìjì náà sì máa ń pọ̀ jù. Tíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n nígbà náà torí pé àwọn tó mọ ibẹ̀ kì í lọ. Ti bàálù ọjọ́ ìkẹyìn, a óò dé orí ẹ̀ níwájú. Òun gan-an ló lè sọ èèyàn di arọ.

Bonaire la fi rọ́pò rẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, abẹ́ Netherlands ló wà, nǹkan bí 80 kìlómítà sí etíkun Venezuela. Torí pé ó wà ní gúúsù pátápátá, ojú ọ̀nà ìjì kì í sábà gba ibẹ̀. Kì í sábà la wí o: lóṣù Kọkànlá ọdún 1999, ìjì Lenny gba òdìkejì ọ̀nà tí ìjì ń gbà, ó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ìgbì rẹ̀ sì kọ lu apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, níbi tí omi máa ń dákẹ́ sí jù, ó fọ́ iyùn ibẹ̀ wómúwómú. Ìdí nìyẹn tí a fi mú oṣù Karùn-ún, kí àsìkò ìjì tó wọlé rárá.

Ohun tó jẹ́ kí Bonaire bá ẹni tuntun mu ju ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ ni bí ilẹ̀ inú omi rẹ̀ ṣe tẹ́. Èèyàn á rìn wọ omi láti etí títì, á wẹ̀ gba orí iyanrìn díẹ̀, á sì bá àpáta iyùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ láti bíi mítà 10. Èyí tó lẹ́wà jù nínú ohun tó wà níbẹ̀ kò jìn ju mítà 15 lọ, torí náà ìwé ẹ̀rí mítà 18 ò fi nǹkan kan du èèyàn. Ní Cozumel, erékùṣù kan ní Mexico, ìṣàn omi ló ń gbé òmòòkùn lọ, ọkọ̀ á sì máa tẹ̀ lé e lókè. Ó dùn fún ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń dúró lójú kan nínú omi, ìyà ni fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Roatán ní Honduras náà dáa, owó ibẹ̀ ò sì pọ̀, àmọ́ Bonaire la mú. Ó ní yàrá onírin ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ní Kralendijk tó jẹ́ olú-ìlú, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí náítírójìn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi bá ṣe léṣe. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti ọdún 2011, bàálù sì ń lọ láti Amsterdam.

Ibi tí Bonaire ti ṣòro fún ẹni tó dá lọ rèé. Òkúta tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò ló ń tọ́ka ibi ìmòòkùn kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì, orúkọ ibẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Èèyàn á yá ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù, á kó sílíńdà sẹ́yìn rẹ̀, á dúró níbi tó bá wù ú, nígbà tó bá wù ú. Orin òmìnira yìí ni gbogbo ìpolówó Bonaire ń kọ. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé ẹni méjì ni wọ́n fi òmìnira náà ṣírò. Ẹni tuntun tí kò lẹ́nìkejì kò gbọdọ̀ wọ omi, bí òkúta yẹ́lò ibẹ̀ tilẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, nígbà tí a ń to ètò náà, ìbéèrè kan la kọ sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí a tó kọ orúkọ ibi tó máa lọ: ta ni ẹnìkejì lónìí? Ọjọ́ tí kò bá sí ìdáhùn, ọjọ́ ìsinmi ni.

Fún ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà ló ṣáájú gbogbo èyí. Físà Schengen tí wọ́n fi ń wọ Yúróòpù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wọ àwọn erékùṣù Netherlands ní Caribbean, kí onítọ̀hún sì wò ó bóyá ó nílò físà ìkọjá ní pápákọ̀ òfurufú Amsterdam. Ẹni tó bá gba Amẹ́ríkà lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà, kódà bí kò bá ní jáde ní pápákọ̀. Kó má san owó ìmòòkùn kankan kó tó yanjú ìyẹn.

Oṣù mẹ́ta kó tó lọ, ó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù ìlera. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ló ń lò ó, ìbéèrè mẹ́wàá ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ìdáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” kan ṣoṣo sì lè sọ ọ́ di pé dókítà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á dúró dìgbà tó bá dé erékùṣù kó tó ṣí i wò, wọ́n á ní kó lọ wá dókítà, ọjọ́ méjì á ti lọ. Ikọ́ fée ṣe obìnrin yìí nígbà tó wà lọ́mọdé. Dókítà àdúgbò rẹ̀ kọ̀ láti buwọ́ lù ú, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe ní London, ó bá sanwó fún dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn, ìyẹn sì ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kó tó gbà. Kì í ṣe ìnira lásán. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn bá mí sínú ní mítà 10, ìlọ́po méjì ló máa ń fẹ̀ sí tó bá dójú omi. Bí ọ̀nà atẹ́gùn kan nínú ẹ̀dọ̀fóró bá ti dí nígbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró lè ya.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan ilé wa ju ilé ẹlòmíì lọ: jẹ́nótáìpù. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má mòòkùn. Àìtó afẹ́fẹ́, òtútù àti iṣẹ́ àṣekára inú omi lè dá ìrora sílẹ̀ fún un níbi tí kò ti sí ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó jẹ́ AS sábà máa ń rí àyè, àmọ́ kó sọ ọ́ fún dókítà lójúkojú, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá bi í.

Ó pín ẹ̀kọ́ náà sí méjì. Ó ka ti orí kọ̀ǹpútà nílé, ó sì ṣe ti inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní London: lílúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, lílẹ́fòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yíyọ omi kúrò nínú máàsìkì, wíwá régúlétọ̀ (ohun tí òmòòkùn ń fi sẹ́nu láti mí) tó já bọ́ lẹ́nu, àti mímí láti ara afẹ́fẹ́ ẹlòmíì. Ilé ẹ̀kọ́ náà fún un ní ìwé ìtọ́kasí, èyí tó fún un láyè oṣù méjìlá láti lọ ṣe ìmòòkùn mẹ́rin tó kù nínú òkun níbikíbi. Ọ̀nà yìí ló dáa jù fún ẹni tí ìsinmi rẹ̀ ò pọ̀. Kì í ṣe torí owó, torí ó lè jẹ́ iye kan náà. Torí pé ẹni tó bá máa bẹ̀rù pé omi wọ imú òun, Peckham ni kó ti bẹ̀rù, níbi tó ti lè nàró.

Ọ̀rọ̀ irun wá rèé, èyí tí ìwé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ò bá a sọ. Rọ́bà etí máàsìkì gbọ́dọ̀ fara kan awọ ojú yípo. Okùn irun kan tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ti tó láti máa fa omi wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìrun-dídì kéékèèké tó sún síwájú orí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ wíìgì níwájú orí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, irùngbọ̀n òkè ètè ọkùnrin náà kò gbẹ́yìn. Ṣùkú ò bá a mu, torí pé ibi tí okùn máàsìkì fẹ́ jókòó sí gan-an ni irun wá ga sí, okùn á sì máa yọ̀. Kọ̀lẹ́sẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sí ìpàkọ́ ló ṣe, ó sì fi aṣọ bo okùn rọ́bà kó má baà máa fa irun tu. Máàsìkì nìkan ni ohun èlò tó rà tuntun yàtọ̀ sí bàtà. Kí ó tó lò ó, ó fi ọṣẹ ìfọyín funfun fọ inú gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ọ̀rá ilé iṣẹ́ máa ń wà lára gíláàsì tuntun tó ń jẹ́ kó kún fún ìkùukùu. Bàtà náà, ó ra èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le. Etí omi Bonaire kì í ṣe iyanrìn múlọ́múlọ́, òkú iyùn tó mú bí abẹ ni. Ìbọ̀wọ́ kò rà, wọn ò gbà á láyè nínú omi ibẹ̀, kí ọwọ́ má baà máa di iyùn mú.

Ilé ìmòòkùn mẹ́ta ló kọ̀wé sí. Ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ kúrú, gbogbo ẹni tó bá ń dá lọ ló lè lò ó bó ṣe wà: “Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni olùkọ́ kan ń mú wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé iyùn wà níwájú ilé yín tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé? Bí mo bá parí ẹ̀kọ́, ta ni màá máa bá mòòkùn, èló sì ni afinimọ̀nà fún èmi nìkan?” Ilé kan ò fèsì ìbéèrè kẹta. Ìkejì ní kó má ṣèyọnu, á rí ẹnì kan ní etí omi. A yọ àwọn méjèèjì kúrò. Ìkẹta sọ iye owó afinimọ̀nà fún ọjọ́ méjì, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni olùkọ́ àwọn ń mú bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gba mẹ́jọ, ó sì ní òun á fi orúkọ rẹ̀ sára pátákó tí àwọn tó ń wá ẹnìkejì ń kọ orúkọ sí. Ilé yẹn ló mú, ó sì gba yàrá kékeré kan nítòsí rẹ̀. Owó òtẹ́ẹ̀lì ńlá Belize ló di owó afinimọ̀nà. Kò yá ọkọ̀ rárá: ọkọ̀ afinimọ̀nà ló ń wọ̀. Ẹni tó bá yá ọkọ̀ níbẹ̀, kó má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó bá wọ omi, kó sì sọ gíláàsì sílẹ̀. Olè mọ̀ pé ìṣẹ́jú 50 ni onímọ́tò máa lò.

Owó méjì ló san lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kúrò nílé: owó ìwọ̀lú àlejò, dọ́là 75, àti owó ọgbà ìpamọ́ òkun, dọ́là 40, tó wà fún ọdún kan. Láti ọdún 1979 ni gbogbo omi tó yí erékùṣù náà ká ti jẹ́ ọgbà ìpamọ́. Wọn kì í jẹ́ kí òmòòkùn, ì báà jẹ́ àgbà, wọ omi níbòmíì kó tó gbọ́ àlàyé òfin, kó sì ṣe ìmòòkùn àyẹ̀wò kan níwájú ilé ìmòòkùn tó wọ̀ sí. Ó tún ra ìbánigbófò àwọn òmòòkùn lọ́tọ̀. Ìbánigbófò ìrìn-àjò tó ní tẹ́lẹ̀ sọ pé òun bo “eré ìdárayá inú omi”, àmọ́ nígbà tí a ka lẹ́tà kéékèèké rẹ̀, kò san owó yàrá ìfúnpọ̀, kò sì san ti bàálù aláìsàn.

Ọjọ́ tó dé, kò wọ omi. Wákàtí mẹ́wàá tó kọjá nínú bàálù ti gbẹ ara rẹ̀, ara tó gbẹ sì ń jẹ́ kí náítírójìn ṣèèyàn léṣe kíákíá.

Ìmòòkùn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12, ibẹ̀ sì ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti yọ: òjé, ìyẹn ìwúwo tí òmòòkùn ń gbé sára kó lè rì. Ẹni tó ń pín ohun èlò wò ó lójú, ó fún un ní kìlò mẹ́wàá. Ó wọlé, ó sì rì tààrà. Nígbà tí òjé bá pọ̀ jù, èèyàn á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kún jákẹ́ẹ̀tì BCD láti fi gbé e. Afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ̀ bó bá gòkè díẹ̀, á fún pọ̀ bó bá sọ̀ díẹ̀, òmòòkùn á wá máa lọ sókè sódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa wọ́ nílẹ̀ lórí iyùn. Olùkọ́ mú un padà sójú omi, ó ní kó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dà nù, kó mí sínú níwọ̀nba, kó dá a dúró, kó má ta ẹsẹ̀. Omi yẹ kó dé ọ̀gangan ojú, kó sì bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá mí síta. Wọ́n ń yọ kìlò kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n dá méjì padà, torí pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà alúmíníọ́mù náà wúwo ju kìlò méjì lọ. Bó bá tán, sílíńdà á fúyẹ́, ẹni tí kò bá gbé òjé tó kò ní lè dúró ní mítà 5, níbi tí òmòòkùn ti ń dúró díẹ̀ kí náítírójìn lè jáde lára rẹ̀, nígbà tó bá ń padà bọ̀. Kìlò mẹ́fà, aṣọ rọ́bà mìlímítà 3, omi iyọ̀: ó kọ ọ́ sínú ìwé ìmòòkùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó kọ sínú ìwé yẹn, òun ló máa wúlò jù nígbà tó bá dé òkun mìíràn.

Ọjọ́ kejì, ọ̀fìnkìn díẹ̀ ti wà, bóyá láti inú bàálù. Ní mítà 4, etí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó gòkè mítà kan, ó fún imú, ó fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ó tún gbìyànjú, kò ṣí. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi àtàǹpàkò tọ́ka sókè. (Àtàǹpàkò sókè kì í ṣe “ó dáa” lábẹ́ omi o, “ó yá ká gòkè” ni. Ẹni tó bá fi dáhùn pé ara òun le, wọ́n á gbé e lọ sójú omi tagbáratagbára.) Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbi yìí ni pé wọ́n á fipá mú etí, awọ rẹ̀ á ya, ìsinmi á parí. Àwọn mìíràn á lo oògùn tó ń ṣí imú, oògùn á sì dópin nígbà tí wọ́n wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú etí nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ lókè. Ètò rẹ̀ ti ní ọjọ́ òfìfo kan tí a kò kọ nǹkan kan sí, torí náà ó lo ọjọ́ kẹta fún oorun àti omi gbígbóná, ó parí ìmòòkùn kẹta àti ìkẹrin lọ́jọ́ kẹrin. Ẹni tó bá kún gbogbo ọjọ́ rẹ̀ dẹ́nu kì í lè gòkè nígbà tí etí bá dùn ún. Owó tó ti san á máa tì í sísàlẹ̀.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n ṣírò afẹ́fẹ́. Sílíńdà wọn gba omi lítà 11. Ní bar 200 (bar ni òṣùwọ̀n ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́), afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó lítà 2200. Bí a bá fi bar 50 pamọ́, ó ku lítà 1650. Obìnrin yìí ń lo nǹkan bíi lítà 20 níṣẹ̀ẹ́jú kan lójú omi. Ní mítà 10, ó di 40, ìyẹn ìṣẹ́jú 41. Ní mítà 18, ó di 56, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú 30. Ó rí i fúnra rẹ̀ pé mítà 10 ló máa fún un ní ìgbádùn tó pẹ́. Psi, òṣùwọ̀n ìfúnpọ̀ mìíràn, ni gééjì Bonaire sì ń kà, bar ló kọ́ ní London. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára wàláà ọwọ́ rẹ̀: 3000 ni 200, 1500 ni 100, 700 ni 50.

Ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, afinimọ̀nà ni ẹnìkejì. Ohun tó sanwó fún gan-an kì í ṣe kí wọ́n fi ẹja hàn án. Bí a ṣe ń wọ omi láti etí òkúta ló kọ́: jákẹ́ẹ̀tì ti kún fún afẹ́fẹ́, máàsìkì ti wà lójú, régúlétọ̀ ti wà lẹ́nu kí ẹsẹ̀ tó kan omi, torí pé ibi tí èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn, kó fa ẹsẹ̀ nílẹ̀, kó má gbé e ga, kó dúró kí ìgbì kan kọjá, kó wọ lẹbẹ ẹsẹ̀ nígbà tí omi bá dé àyà. Kó wo ẹ̀yìn, kó mú ilé kan tàbí igi kan lé lórí. Kó kọ́kọ́ wẹ̀ lòdì sí ìṣàn, kí ìṣàn lè gbé e padà nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Wọ́n lọ sí 1000 Steps, níbi tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ju 67 lọ. Ẹni tó bá gbé sílíńdà gun un padà á mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó bèèrè Hilma Hooker, ọkọ̀ òkun tó rì lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 lẹ́yìn tí wọ́n ti bá igbó mímu nínú rẹ̀. Ìdubúlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó mítà 30, ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi 18. Afinimọ̀nà ní rárá. Ibi tó bá jẹ́ pé òkè rẹ̀ gan-an ni òpin ìwé ẹ̀rí èèyàn, ojú á máa fà á sísàlẹ̀ títí yóò fi gbàgbé gééjì.

Ọjọ́ keje ni ẹnìkejì di àjèjì. Ẹnì kan láti ara pátákó, ọkùnrin tó ti mòòkùn púpọ̀, kámẹ́rà ńlá lọ́wọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Klein Bonaire, erékùṣù kékeré tí ẹnikẹ́ni ò gbé, tó kọjú sí Kralendijk. Kí wọ́n tó fò sínú omi, obìnrin náà sọ àdéhùn rẹ̀ bí a ti kọ ọ́ fún un: a ò ní kọjá mítà 15, èjìká ọ̀tún ni iyùn máa wà ní àlọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé bar 100 ló ń yí wa padà, bí a bá sọnù, a wá ara wa fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà a gòkè pàdé lójú omi, èmi ni mo máa kéré ní afẹ́fẹ́, torí náà èmi ni kí o máa wẹ̀yìn wò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbà. Wọ́n yẹ ara wọn wò: jákẹ́ẹ̀tì ń gba afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u dà; òjé wà; ìdè gbogbo ṣeé tú; sílíńdà ṣí dé ìdí, abẹ́rẹ́ gééjì kò sì mì nígbà tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ní ìṣẹ́jú 19, ọkùnrin náà ti dojú kámẹ́rà kọ ihò kan, ó ti sọ̀ dé mítà 17. Obìnrin náà wà ní 13, gééjì rẹ̀ sì ti dé 1500. Ó fi irin gbá sílíńdà rẹ̀, kò gbọ́. Kò tẹ̀ lé e sísàlẹ̀. Ó dúró lókè rẹ̀ níbi tí ó ti lè rí i, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè ó fi àmì àti gééjì hàn án. Wọ́n yí padà, wọ́n gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ju mítà 9 lọ níṣẹ̀ẹ́jú kan, wọ́n dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Ó dé ojú omi pẹ̀lú bar 60. Ní ọ̀sán, ọkùnrin náà tún fẹ́ lọ. Obìnrin náà kọ̀, ó sì lọ pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ kọ́ ẹ̀kọ́, tí wọ́n jọ ń yára mí, tí wọ́n jọ ń wo gééjì ní gbogbo ìgbà. Ẹnìkejì tí kò mọ̀ ju tìrẹ lọ, àmọ́ tó ń wò ọ́, sàn ju ọ̀gá tí kò wẹ̀yìn. Èrò wa nìyẹn, àwọn kan á bá wa jiyàn.

Ọjọ́ kẹjọ, ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó ti mòòkùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan ní láti fi ó kéré tán wákàtí 18 sílẹ̀ kó tó wọ bàálù, torí pé náítírójìn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ lè hó nígbà tí atẹ́gùn inú bàálù bá fúyẹ́. Ètò Belize fún un ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Èyí fún un ju 24 lọ, ó fi lọ wo ọgbà ìpamọ́ Washington Slagbaai ní àríwá erékùṣù náà, ó fọ aṣọ rọ́bà nínú omi aláìníyọ̀, ó sì gbẹ ẹ́ kó má baà wúwo nínú àpótí.

Nígbà tó padà dé Peckham, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé aṣọ rọ́bà ló ha á, àmọ́ ara yíyún, oríkèé ríro, ọwọ́ kíkú tàbí òòyì lẹ́yìn ìmòòkùn lè jẹ́ ti náítírójìn. Kò dúró wò ó. Ó pe nọ́ńbà ìbánigbófò òmòòkùn tó ti kọ sẹ́yìn fóònù rẹ̀, ó ka jíjìn àti wákàtí ìmòòkùn mẹ́ta tó kẹ́yìn fún wọn láti ara kọ̀ǹpútà ọwọ́. Wọ́n bi í bóyá yíyún náà ń kiri tàbí ojú kan ló wà, bóyá ọwọ́ rẹ̀ kú, bóyá awọ ibẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn. Ibì kan náà ni, ojú ibi tí okùn jákẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí. Wọ́n ní kó fi ìpara sí i, kó sì tún pè bó bá di ọ̀la tí kò lọ. Ó ti lọ kó tó di alẹ́.